Abẹ́rẹ́, Eegun àti Ọ̀nà Òṣòdì: Ìtọ́jú Ìrora Tó Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Ìjàǹbá Ọkọ̀

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023, bọ́ọ̀sì kan tó ń kó òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lọ síbi iṣẹ́ gbéra láti Ìsọlọ̀, Aláùsá ló ń lọ. Nígbà tó dé PWD ní Ṣógunlé, ó fẹ́ kọjá lórí irin rélùwéè. Rélùwéè ti dé tán. Èèyàn mẹ́fà kú, àwọn tó fara pa sì lé ní ọgọ́rin. Wọ́n sáré kó wọn lọ sí LASUTH, ọsibítù ńlá ìjọba ní Ìkẹjà, kò sì pẹ́ tí àwọn ará Èkó fi ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Gómìnà ní kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta ṣọ̀fọ̀.

Ìròyìn irú èyí kì í pẹ́ tutù. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé ìròyìn á ti rí nǹkan mìíràn kọ. Ẹni tí ọkọ̀ gbá kì í bá ìròyìn tutù. Ojú ọgbẹ́ á jinná, wọ́n á tú òwú tí wọ́n fi rán an, dókítà á ní kó máa lọ sílé. Ilé ló ti máa mọ̀ pé ọrùn òun kò yí sápá ọ̀tún mọ́, pé òun kò lè fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, pé bí òun bá gbé korobá omi lásán, ẹ̀yìn òun ò ní jẹ́ kí òun nàró. Ìrora tó ṣẹ́kù yìí ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé, pẹ̀lú ohun kan tí àwọn èèyàn ti ń béèrè nípa rẹ̀ l'Ékòó: ìtọ́jú abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí acupuncture. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ta ló wà fún? Ìgbà wo ló yẹ kéèyàn lọ ṣe é? Ìdáhùn rẹ̀ kúrú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàyé rẹ̀ gùn. Abẹ́rẹ́ yìí ní àkókò tirẹ̀, àkókò náà kì í sì í ṣe ọjọ́ ìjàǹbá.

Kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ ìjàǹbá ọkọ̀ l'Ékòó tó máa fo Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Agbègbè yìí ni òpópónà Àpápá, ọ̀nà Agége, ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú àti irin rélùwéè ti pàdé ara wọn. Kí ìjọba Fáṣọlá, gómìnà Èkó nígbà náà, tó kó àwọn ọlọ́jà kúrò lójú títì lóṣù Kìíní ọdún 2009, àárín ọjà gan-an ni mọ́tò ń gbà kọjá lábẹ́ afárá. Lóṣù Kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá tó wà níbẹ̀ báyìí, ojú ilẹ̀ sì mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀, tírélà tó ru kọ̀ńténà láti Àpápá ṣì ń gba iwájú Ìlasamàjà, Cele àti Ìyànà Ìsọlọ̀ kọjá tọ̀sán-tòru, dánfó ṣì ń já sọ́tùn-ún sósì nítorí èrò kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ìjọba fi òfin de ọ̀kadà ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀, àti ní Muṣin, Ṣómólú pẹ̀lú Kòsọ̀fẹ́. Òfin náà kò tíì kú, àmọ́ ó máa ń tòògbé lálẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìrora ọrùn ti ń wá, kó wo inú dánfó dáadáa. Àga tó bá ọkọ̀ dé láti òkè òkun ti lọ. Wọ́n ti jó irin pọ̀ di bẹ́ǹṣì, wọ́n fi tìmùtìmù pẹlẹbẹ lé e, wọ́n sì fi rẹ́síìnì bò ó. Ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì náà kò ga ju palaba èjìká lọ, kò síbi tí èrò lè gbé orí lé. Bẹ́líìtì, ti dírẹ́bà nìkan ló wà, ó sì lè jẹ́ ìbẹ̀rù àwọn agbófinró ló jẹ́ kó fi kọ́rùn. Bí ọkọ̀ mìíràn bá wá gbá a lẹ́yìn ní Bọ́láde l'Óṣòdì, bẹ́ǹṣì á ti àyà èrò síwájú, orí á kù sẹ́yìn. Kí onítọ̀hún tó mí, orí ti fò síwájú, ó tún ti já padà. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde, eegun ò dá. Èrò á sọ̀kalẹ̀, á bú dírẹ́bà, á gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́ bó bá rí i gbà, á wọ ọkọ̀ mìíràn. Ọjọ́ kejì ni ọrùn á gan.

Lọ́dún 1995, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan ní Quebec, lórílẹ̀-èdè Kánádà, pín irú ìfarapa ọrùn báyìí sí ìpele, láti orí òdo títí dé mẹ́rin. Ẹni tó wà ní òdo kò ní ìrora kankan. Ní ìpele kìíní, ọrùn ń dunni, ó sì le, ṣùgbọ́n dókítà ò rí nǹkan kan bó ti wù kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ìpele kejì, ọrùn ò yí dáadáa mọ́, ibì kan sì wà tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ìpele kẹta ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà, torí iṣan ìmọ̀lára ti fara gbá a: apá ń kú tipiri, ọwọ́ ò lágbára láti di nǹkan mú. Ìkẹrin ni eegun ọrùn tó dá tàbí tó yẹ̀. Ìpín yìí wúlò gan-an fún ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, nítorí pé àwọn tó wà ní ìpele kìíní àti ìkejì ni abẹ́rẹ́ lè ṣe lóore. Ẹni tó wà ní ìkẹta tó ń wá abẹ́rẹ́ kiri kí dókítà tó rí i ń fi apá ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ẹni tó wà ní ìkẹrin, tí ẹnì kan bá yí i lọ́rùn tàbí fà á lọ́rùn láìmọ̀, lè má rìn mọ́ láyé.

Ọjọ́ kìíní, nígbà náà, ọjọ́ ọsibítù ni. Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kẹ́nikẹ́ni fi ṣeré: orí fífọ́ tó ń pọ̀ sí i, èébì, oorun tí kò ṣeé jí, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó kú tipiri, ìtọ̀ tí kò jáde tàbí tó ń dà láìmọ̀, ikùn tó le, àyà tí kò jẹ́ kéèyàn mí kanlẹ̀. Èyíkéyìí nínú wọn, kí wọ́n má gbé onítọ̀hún lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eegun, kí wọ́n má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ oníabẹ́rẹ́. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí tó jáde lọ́dún 2014 sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: ilé ìwòsàn kankan, ìbáà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni, kò gbọ́dọ̀ lé ẹni tó wà nínú ewu pàjáwìrì padà. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ó yẹ kí àwọn ará àdúgbò mọ òfin yìí lórí, kí wọ́n lè ká a sí nọ́ọ̀sì tó bá ń béèrè owó àsansílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà létí.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ tiwa pátápátá. Bí ọkọ̀ bá gbá ẹnì kan, tó dìde, tó ní kò sóhun tó ṣe òun, ohun tí ẹnì kan máa kọ́kọ́ sáré rà fún un ni Alábùkún. Kò sí ilé Yorùbá tí kò mọ àpò ìyẹ̀fun náà, tí Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1918. Aspirin àti caffeine ló wà nínú rẹ̀, fún orí fífọ́ ojoojúmọ́ ó dáa. Àmọ́ aspirin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹni tó fi orí sọ irin dánfó, tí ẹ̀jẹ̀ lè máa sun díẹ̀díẹ̀ nínú agbárí rẹ̀, kò yẹ kó gbé e mu kí dókítà tó rí i. Paracetamol ni kó lò bí kò bá lè fara da ìrora náà.

Nígbà tí dókítà bá ti rí i, tí wọ́n ti ya X-ray, tí ó hàn gbangba pé eegun dá tàbí kò dá, ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ń dé oríta. Apá kan lọ sí Ìgbóbì, apá kan lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun.

Ìgbóbì kò jìnnà sí Òṣòdì. Ẹni tó bá ti Òṣòdì dé Áńtónì, tó já sí ọ̀nà Ìkòròdú, Fádèyí ló máa sọ̀kalẹ̀. Ibùdó tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1945 ló di ọsibítù. Láti ìgbà náà, bí eegun bá dá láti Badagry dé Ẹ̀pẹ́, orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu èèyàn ni Ìgbóbì. Ẹ̀rù tó sì máa ń tẹ̀ lé orúkọ náà ni pé wọ́n á gé ẹsẹ̀. Ẹ̀rù yìí ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà lẹ́nu géètì, ó sì yẹ kí wọ́n sọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lára ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gé ní irú ọsibítù bẹ́ẹ̀, èyí tó ti kú kó tó débẹ̀ wà níbẹ̀, ibi tó sì ti kú ni ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e lọ.

Kì í ṣe pé àwọn tó ń to eegun kò mọ nǹkan kan. Kí mọ́tò tó dé, àwọn ni wọ́n ń tọ́jú ẹni tó já láti orí ọ̀pẹ àti ẹni tí ẹṣin gbé ṣubú. Iṣẹ́ ìdílé ni lọ́pọ̀ ibi, ọmọ ń kọ́ ọ lọ́wọ́ bàbá. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń wá ibi tí eegun ti dá. Oníṣègùn á máa rọra tẹ ẹsẹ̀ tó dá láti òkè wá sísàlẹ̀, títí á fi gbọ́ bí ẹnu eegun méjèèjì ṣe ń ha ara wọn. Wọ́n á fa ẹsẹ̀ náà gùn, aláìsàn á ké, wọ́n á fi òrí pa á, wọ́n á wá kó pẹlẹbẹ ọparun tí wọ́n ti fi òwú hun pọ̀ yí i ká, wọ́n á dì í. Láwọn ibòmíràn, wọ́n á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ kan lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á to òun náà. Ọjọ́ tí adìyẹ bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ni wọ́n á tú ti èèyàn.

Àwọn kan ń fi adìyẹ yìí ṣẹ̀fẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ tán pátápátá, nítorí kálẹ́ńdà ni fún ẹni tí kò ní X-ray: ó fẹ́ mọ ìgbà tí eegun jinná, ó wá eegun mìíràn tó lè rí. Ibi tí ọgbọ́n náà ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ẹsẹ̀ adìyẹ lè jinná láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí eegun itan àgbàlagbà ń gba oṣù mẹ́ta, ó tilẹ̀ lè tó mẹ́fà. Ẹni tí wọ́n tú nítorí adìyẹ, tó tètè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, eegun rẹ̀ lè wọ́, kó sì jinná síbi tó wọ́ sí. Ewu tó ju ìyẹn lọ ni ọparun tí wọ́n dì le jù. Ẹsẹ̀ tó dá máa ń wú. Bí kò bá ríbi wú sí, á fún ojú ẹ̀jẹ̀ pa. Ìka á tutù, ìrora á kọ́kọ́ pọ̀ kọjá àfaradà, lẹ́yìn náà ni kò ní dùn mọ́ rárá, ara ilé á sì máa dúpẹ́ pé ó ti ń rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀, ó ń kú ni. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú eegun ní Nàìjíríà ti kọ̀wé lórí èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀kọ́ yìí ló yẹ kéèyàn gbé dání bó bá ń lọ sọ́dọ̀ oníabẹ́rẹ́. Bó ti wù kí oníṣègùn kan gbọ́n tó, kí ọwọ́ rẹ̀ sì dán tó, bí kò bá rí inú ara tó ń fọwọ́ kàn, ibì kan wà tí ìmọ̀ rẹ̀ kò dé.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń sọ yìí kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì. Ti nọ́ọ̀sì ní ihò nínú, òògùn ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ó sì sábà máa ń tó 0.7 tàbí 0.8 mìlímítà ní fífẹ̀. Èyí kò ní ihò, kò sí òògùn kankan lẹ́nu rẹ̀. Irin tínínrín ni, nǹkan bí 0.25 mìlímítà. Aláìsàn á dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Oníabẹ́rẹ́ á fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn àti èjìká rẹ̀, á máa béèrè pé, “Ibí ńkọ́?” Á fi sípírítì nu ojú ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà wà nínú ọ̀pá oníke kékeré. Á gbé ọ̀pá náà lé awọ ara, á fi ìka ta ìdí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọlé. Títa rẹ̀ kò tó ti ẹ̀fọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wá máa yí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ara ibẹ̀ á fi wúwo, tí ìrora kan tí kò mú á fi tàn díẹ̀ lọ sí èjìká. Wọ́n á fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n. Àwọn mìíràn ń so wáyà iná kékeré mọ́ ọn, kí ẹran ara ibẹ̀ máa ta díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sùn lọ.

Ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún ni àwọn ará Ṣáínà ti ń ṣe é. Àlàyé tiwọn ni pé agbára kan ń rìn kiri ara gba ojú ọ̀nà tirẹ̀, pé bí ọ̀nà bá dí ni ara ń dùn, pé abẹ́rẹ́ ló ń là á. Àjọ ìlera àgbáyé WHO tilẹ̀ ti kọ ojú ibi tí wọ́n ń gún sílẹ̀, 361 ni wọ́n. Kò tíì sí dókítà tó la òkú tó bá ojú ọ̀nà náà pàdé. Ṣùgbọ́n pé àlàyé kan ò dúró kò sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ kò lérè. Láti ọdún 1965 ni onímọ̀ kan ní Beijing, Han Jisheng, ti ń wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara bí abẹ́rẹ́ bá wọlé. Ohun tí òun àti àwọn mìíràn rí ni pé abẹ́rẹ́, pàápàá èyí tí wọ́n so iná mọ́, ń jẹ́ kí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn tú àwọn èròjà kan jáde tí ara fi ń pa ìrora fúnra rẹ̀. Ìyẹn, iṣan ìmọ̀lára ló wà nídìí ọ̀rọ̀.

Òkìkí rẹ̀ kàn dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà lóṣù Keje ọdún 1971, nígbà tí James Reston, gbajúgbajà akọ̀ròyìn New York Times, lọ sí Ṣáínà, tí àìsàn kọlù ú níbẹ̀, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Beijing. Àwọn èèyàn ṣì ń pìtàn pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi kun ún lóorun kí wọ́n tó là á nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òògùn àwọn dókítà òyìnbó ni wọ́n fún un fún iṣẹ́ abẹ náà. Ẹ̀yìn ìgbà náà, nígbà tí inú ń yọ ọ́ lẹ́nu, ni wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní igbọ̀nwọ́ àti ìsàlẹ̀ orúnkún. Àṣìsọ kékeré yìí ló bí ọ̀pọ̀ ìlérí ńlá tí àwọn kan ń fi abẹ́rẹ́ ṣe títí dòní.

Kí wá ni ìwádìí sọ? Èyí tó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ lọ náwó sí i mọ̀ ni èyí tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tó jáde lọ́dún 2007. Èèyàn 1,162 tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́ ni wọ́n pín sọ́nà mẹ́ta. Wọ́n gún apá kan níbi tí ìwé Ṣáínà ní kí wọ́n gún, tó jinlẹ̀. Apá kejì, wọ́n kàn ń gún wọn lórí awọ lásán níbi tí kò sí nínú ìwé kankan. Apá kẹta gba òògùn, físíò (physiotherapy) àti eré ìmárale tí dókítà sábà máa ń fúnni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá 47.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti àkọ́kọ́ ló sọ pé ara ti ń tù wọ́n dáadáa. Àwọn tí wọ́n gún ní ìgúnkúgùn, 44.2. Àwọn ti dókítà, 27.4.

Ó yẹ kéèyàn tún ìṣirò yẹn kà. Abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po méjì ju ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ lọ, ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n gún, tí àwọn kan fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ìyàtọ̀. Bóyá gígún fúnra rẹ̀ ni, bóyá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹnì kan fi tẹ́tí sí aláìsàn, tó fọwọ́ kàn án, tí kò lé e jáde. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ti fi òwúrọ̀ tò sórí ìlà ní ọsibítù ìjọba rí kò ní fojú kéré ìyẹn. Ìwádìí mìíràn tó kó àbọ̀ ìwádìí mọ́kàndínlógójì jọ, tó jáde lọ́dún 2018, lórí èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, bá ìlà kan náà lọ: abẹ́rẹ́ tòótọ́ fi díẹ̀ ju abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn lọ, ó sì fi púpọ̀ ju àìgún rárá lọ.

Ti ọrùn tí ọkọ̀ já gan-an, èyí tó súnmọ́ ọ̀rọ̀ wa jù lọ, wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Ọsirélíà tó jáde lọ́dún 2011, lára èèyàn 124. Àwọn tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ oníná tọ́jú, ìrora wọn dín ju ti àwọn tí wọ́n fi ẹ̀tàn tọ́jú lọ, àmọ́ díẹ̀ báyìí ni. Ohun tí wọn ò lè ṣe tẹ́lẹ̀, wọn ò tíì lè ṣe é. Abájọ tí àwọn aláṣẹ kò fi fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. NICE, àjọ tó ń sọ ohun tó yẹ kí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa lò, sọ lọ́dún 2016 pé kí wọ́n má fi abẹ́rẹ́ tọ́jú ẹ̀yìn dídùn. Lọ́dún 2021, àjọ kan náà sọ pé wọ́n lè lò ó fún ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí kò ní ìdí tó hàn. Ní Amẹ́ríkà, Medicare, ètò inṣọ́ránsì ìlera ìjọba níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó rẹ̀ lóṣù Kìíní ọdún 2020 fún ẹ̀yìn dídùn tó ti pẹ́: ìgbà méjìlá láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, ìgbà mẹ́jọ sí i bí ó bá ń ṣiṣẹ́, bí kò bá ṣiṣẹ́, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston àti London mọ̀ nípa èyí, àwọn náà ló sì ń tẹ ìyá wọn láago ní Máfólúkù l'Óṣòdì pé kó lọ gún un.

Ìlànà Medicare yẹn, ó yẹ kí ará Ìsọlọ̀ jí i lò. Bí ìgbà mẹ́fà bá lọ, tí ọrùn kò yí ju bó ṣe wà lọ, kò sí ìdí láti ra ìgbà keje. Ohun tó sì yẹ kó máa wọ̀n ni ohun tó lè ṣe: ṣé ó lè wẹ̀yìn wo ọkọ̀ kó tó sọdá títì ní Cele báyìí? Ṣé ó ti lè gbé ọmọ? Ibi tí abẹ́rẹ́ ti wúlò jù lọ ni pé ó lè jẹ́ kí ìrora rọlẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ díẹ̀, kí aláìsàn lè rí àyè ṣe eré ìmárale tí àwọn oníṣẹ́ físíò ní kó máa ṣe. Eré náà ló ń dá ọrùn padà. Ẹni tó gún abẹ́rẹ́, tó padà sílé lọ dùbúlẹ̀, ti fi owó rẹ̀ ra oorun.

Èwo wá ni ewu rẹ̀? Yorùbá tó ti sín gbẹ́rẹ́ rí kò ní bẹ̀rù irin wẹ́rẹ́ báyìí, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Abẹ tí wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo ilé àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n tún fọ̀ fún ẹlòmíràn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń ṣí fún àìsàn. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018, tí wọ́n pè ní NAIIS, fi hàn pé nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà Nàìjíríà ló ní kòkòrò hepatitis B, èyí tí ń jẹ ẹ̀dọ̀. Nítorí náà, ojú aláìsàn ni kí wọ́n ti já ọ̀rá abẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀kan ni kí wọ́n lò ó, inú páálí tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ sí ni kó bọ́ sí lẹ́yìn náà. Ewu kejì ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó burú: abẹ́rẹ́ tó bá wọlé jù ní orí èjìká tàbí láàárín eegun ìhà lè lu ẹ̀dọ̀fóró. Bí àyà bá ń ha ẹnì kan mọ́, tí kò lè mí dáadáa lẹ́yìn tí wọ́n gún un, ọsibítù ni kó forí lé lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń lo òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bí àwọn tí wọ́n fi irin sí lẹ́sẹ̀ ṣe sábà máa ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, aboyún, àti ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn, kí wọ́n sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bọ́ aṣọ.

Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún dókítà ní ìwé àṣẹ, náà ló ń bójú tó iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí. Pátákó tí wọ́n ya dírágónì sí kì í ṣe ìwé àṣẹ, ìwé ẹ̀rí ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi férémù sí lára ògiri kì í sì í ṣe ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá sọ pé abẹ́rẹ́ òun máa to eegun tó dá, tàbí pé ó máa jẹ́ kí ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ti já dìde rìn, irọ́ ló ń pa.

Ọ̀rọ̀ owó kò ṣeé fò. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2023 ni inṣọ́ránsì third party ti di ₦15,000 lọ́dún fún mọ́tò aládàáni. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò ń rà á kí ọlọ́pàá má bàa dá wọn dúró, wọn ò sì mọ̀ pé nítorí ẹni tí wọ́n bá gbá ló ṣe wà. Ẹni tí wọ́n gbá náà kò mọ̀. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ àti ìwé inṣọ́ránsì rẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó di “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” kí wọ́n lọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn, kí wọ́n sì tọ́jú rìsíìtì gbogbo òògùn àti X-ray. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ké sí ìjọba Èkó fún ìrànlọ́wọ́ ni 767 àti 112. Ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122. Kò gba owó láti pè wọ́n.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ ti gbá ní ọ̀nà yìí, tí ọrùn yín ò tíì padà bọ̀ sípò, ẹ mú àwòrán X-ray yín dání bí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ oníabẹ́rẹ́. Bó bá gbà á, tó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, tó béèrè ohun tí dókítà sọ, ẹ jókòó. Bó bá ní kò pọn dandan kí òun wò ó, ẹ gbé àpò yín, kí ẹ máa lọ sí Ìgbóbì.